Ilé tí a ó gbé màmá sí lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ní Ìkòròdú: kí la ó wò kí a tó sanwó?

Ọmọ Ìgbógbò:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá wa, ẹni ọdún 71, rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn á dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè dá dìde, omi sì máa ń pá wọn lórí bí wọ́n bá ń mu ún. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń gbé. A ń wá ibi tí nọ́ọ̀sì á wà tọ̀sán tòru, tí físíò á sì máa ṣiṣẹ́ lára wọn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, láàrin Ẹ̀búté sí Ìtamágà. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní ká wá èyí tó ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ wo ní Ìkòròdú? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ ká máa wò?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wùtù:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá, torí orúkọ ń ṣini lọ́nà níbí. Bí ẹ bá sọ fún onímárúwá ní Sábó pé "rihábù" lẹ̀ ń lọ, ó lè gbé yín lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn tó ń lo oògùn olóró sí. Bí ẹ bá béèrè ilé àwọn arúgbó, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń wẹ àgbàlagbà, tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n ń bá wọn ta ayò, tó lè má sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ bílẹ̀ bá ti ṣú. Kò burú fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tí omi ń pá lórí kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.

Ìwé tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni ti HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀ tó sì ń bẹ̀ wọ́n wò. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà, nítorí náà ọdún tó wà lórí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe férémù tí wọ́n fi gbé e kọ́. Ẹ wo àdírẹ́sì náà. Ẹni tó gbàwé fún kíníìkì ní Agric lè fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣí ẹ̀ka sí Ìgbógbò, kó ní ọ̀kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ ní nọ́ọ̀sì?" Gbogbo wọn á ní àwọn ní. Ẹ béèrè pé, "Ta ló ṣiṣẹ́ lóru àná? Ta ló máa wà lóru òní?" kí ẹ sì ní kí wọ́n fi rósítà hàn yín. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjì, méjì sí mẹ́jọ alẹ́, mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀: báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé ń pín in. Ti òru ló gùn jù, òun náà ni wọ́n sábà máa ń fi ọ́síláárì kan ṣoṣo dí, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tí kò ní láísẹ́nsì nọ́ọ̀sì. Aṣọ funfun kò sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì. Láísẹ́nsì ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ tó máa kú lára. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbà. Ọ́síláárì lè wẹ màmá, ó lè bọ́ wọn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ. Òun kọ́ ló yẹ kó máa díwọ̀n ínsúlínì tàbí kó máa ki rọ́bà oúnjẹ bọ imú.

Àǹtí Texas:
Ìràwọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí, ti ìjọba Amẹ́ríkà níbí ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé e sí, láti ìràwọ̀ kan dé márùn-ún, ohun mẹ́ta sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ohun tí àwọn abẹ̀wò bá níbẹ̀, iye òṣìṣẹ́ sí iye aláìsàn, àti bí ara àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe rí, bí iye ẹni tó ní egbò ìdùbúlẹ̀, iye ẹni tó ṣubú. Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ibí ṣe fún àwọn àgbàlagbà, máa ń sanwó irú ilé bẹ́ẹ̀ bí aláìsàn bá ti gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán: ogún ọjọ́ àkọ́kọ́ lódindi, láti ọjọ́ 21 títí dé 100 aláìsàn á máa fi tirẹ̀ kún un, lẹ́yìn náà ó parí. Kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ kò lè dé Ìkòròdú. Ohun mẹ́ta tí wọ́n ń wò yẹn ni kẹ́ ẹ bá wọn mú. Ojú yín ni ìràwọ̀ níbẹ̀ yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n máa fowó ránṣẹ́ ní tiwọn.

Físíò Sábó:
Tèmi ni ti ìrìn àti apá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ máa ń yára kọ́ nǹkan padà jù. Ilé tó bá ń ní "ẹ jẹ́ kí màmá sinmi ná" ń fi ọjọ́ tí kò ní padà ṣòfò. Ẹ béèrè iye ìgbà tí físíò ń wá lọ́sẹ̀, iye ìṣẹ́jú tó ń lò, àti bóyá ẹnì kan náà ló ń wá. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó wá kí màmá ni. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán bí agbára wọn bá gbé e, ni kẹ́ ẹ máa lé. Àwọn físíò náà ní ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn ní láísẹ́nsì. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ kò ní bínú tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó yẹ kó yẹ màmá wò kó sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. "Wọ́n ti ń gbádùn" kì í ṣe nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi jókòó létí bẹ́ẹ̀dì láìfara ti nǹkan, iye èèyàn tó gbé wọn dìde, iye mítà tí wọ́n rìn. Ọ̀pọ̀ wa ń lo òṣùwọ̀n Barthel, tó ń ka oúnjẹ jíjẹ, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀, ìrìn àti irú wọn pọ̀ láti 0 dé 100. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ gba òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá dúró sójú kan, ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí fún yín: ṣé ìrora ni, ṣé àìsùn, ṣé ìbànújẹ́ ọkàn tó máa ń tẹ̀lé rọpárọsẹ̀, àbí físíò ni kì í wá?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ dúró títí wọ́n á fi gbé ẹnì kan láti bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga. Bí wọ́n bá fa apá tó kú, tàbí tí wọ́n kiwọ́ bọ abẹ́ abíyá méjèèjì tí wọ́n hán an sókè bí ọmọdé, ẹ kí wọn kí ẹ máa lọ. Iṣan tó di ejìká yẹn mú ti dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá fà á, egungun lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ á sì sọ ọ́ di pé aláìsàn kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan òun fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ ti táyà kẹ̀kẹ́ pa, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ apá tó le, á di bẹ́líìtì sí ìbàdí aláìsàn, á fi orúnkún tirẹ̀ gbá orúnkún tó kú mú, á ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún, á wá kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí wọ́n bá ti jókòó tán, apá yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ìrọ̀rí tàbí tábìlì. Kò gbọdọ̀ máa rọ̀ dirodiro.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wùtù:
Físíò ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ n wá sórí awọ ara, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ ilé ìtọ́jú máa ń hàn sí. Táìsì dára, AC dára, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ aláìsàn ló máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láago méjì òru.

Kí màmá tó kúrò ní ọsibítù, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá yín tú wọn wò láti ìpàkọ́ dé ẹsẹ̀: egungun ìdí lókè, ìbàdí méjèèjì, ẹ̀yìn ejìká, ìgúnpá, kókósẹ̀, gìgísẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ilé tuntun sì bu ọwọ́ lù ú lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé wọn dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egbò tó bá yọ lọ́jọ́ kẹwàá, "bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbé wọn wá" lẹ máa gbọ́. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má retí pé ó máa pọ́n. Ibẹ̀ á ṣú ju awọ tó yí i ká lọ, tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò. Bí ẹ bá fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó lè gbóná, ó lè le gbagidi tàbí kó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ní ìpele yẹn, gbígbé ara kúrò lórí rẹ̀ ló ń wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fi sípíríìtì ra á, kí wọ́n má sì gbé ìdí wọn sórí rọ́bà róbótó oníhò, etí rọ́bà yẹn ló ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa. Ti gìgísẹ̀, ìrọ̀rí ló ń lọ sábẹ́ ẹ̀yìn ojúgun kí gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀ má kan nǹkan kan.

Wákàtí méjì méjì ni à ń yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, ìyẹn ìlà méjìlá lórí ṣáàtì lọ́jọ́ kan, àkókò àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n yí i sí. Ẹ lọ wo ṣáàtì náà láago mẹ́wàá àárọ̀. Bí ẹ bá bá a pé wọ́n ti kọ ọ́ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bíró ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yí ẹnikẹ́ni. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í dúró sójú kan. Ṣáàtì tó jẹ́ 120/80 láàárọ̀, 120/80 lálẹ́, ọjọ́ méje gbáko, ẹni tó kọ ọ́ kò gbé ẹ̀rọ kúrò nínú àpò.

Ẹ tún béèrè, tìtìjú kọ́: "Aláìsàn mélòó ló ní egbò ìdùbúlẹ̀ báyìí? Mélòó ló gbé e wá látòde, mélòó ló ní in níbí?" Ilé tó ní òun ò ní egbò rí láyé, ẹ má gbà á gbọ́. Ilé tó ní "méjì, ọ̀kan ti ibí ni, ohun tí a ṣe sí i nìyí," ẹ fetí sí wọn.

Ọ̀gá Wáyà Òdógúnyàn:
Ẹ dákun, kí ẹ tó kúrò lórí egbò. Fóòmù oníafẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń fi yangàn yẹn, iná ló ń fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú nínú wọn á rọ̀ pẹ̀ẹ́, aláìsàn á wá dùbúlẹ̀ lórí férémù. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ fóòmù náà níbi tí ìdí wà, kẹ́ ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè: bí afẹ́fẹ́ tó wà láàrin ọwọ́ yín àti egungun ìdí kò bá tó ínǹṣì kan, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Pọ́ńpù rẹ̀ kì í jẹ ju iná gílóòbù kékeré lọ, ínfátà kékeré lè gbé e di àárọ̀, nítorí náà "NEPA ló mú iná" kì í ṣe àwáwí.

Ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé lo yàtọ̀, èyí tó kéré nínú wọn máa ń jẹ tó wáàtì 300 sí 400 láìdúró. Ẹ béèrè pé iná wo ló ń gbé e lóru tí wọ́n bá ti pa jẹ́nẹ̀, àti bóyá sílíńdà ọ́síjìn wà nílẹ̀ tó kún. Kí ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí abẹ́rẹ́ aago orí rẹ̀ gbéra lójú yín. Ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú: kí wọ́n tàn án. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi aṣọ bò ní kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù, tí rọ́bà rẹ̀ ti gan, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ibi tí súkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà, kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ìyá Ìta-Ẹlẹ́wà:
Ọmọ Ìgbógbò, ti omi tó ń pá màmá lórí yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sókè. Kí ọsibítù tó dá wọn sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dán gbígbé-mì wọn wò, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó ki ni wọ́n lè mu àbí ohun tó ṣàn, ohun tí wọ́n lọ̀ ni àbí oúnjẹ lásán. Omi lásán ló sábà máa ń le jù nítorí ó yára ju ọ̀fun tó ti lọ́ra lọ. Èkejì rẹ̀ ni oúnjẹ tó jẹ́ méjì pọ̀: òkèlè nínú ọbẹ̀ tó ṣàn, kọnfíléèkì nínú mílíìkì, kókó oúnjẹ nínú omi rẹ̀. Ògì tó ki dáadáa rọrùn jù ú lọ. Kì í ṣe ikọ́ nìkan ni àmì o. Bí ohùn wọn bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun lẹ́yìn tí wọ́n gbé e mì, tàbí tí ibà ń wá tó ń lọ, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ ti máa gba ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ lọ síbẹ̀ lásìkò oúnjẹ alẹ́, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ ka iye ẹni tí olùtọ́jú kan ń bọ́. Ẹni tó ń bọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan kò lè ní sùúrù. Ṣé wọ́n gbé aláìsàn jókòó tán pátápátá, àbí wọ́n kàn fi ìrọ̀rí ti orí rẹ̀? Ṣé síbí kékeré ni? Ṣé wọ́n ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú bóyá oúnjẹ kó síbẹ̀? Ṣé wọ́n jẹ́ kó wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, àbí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kíá kí wọ́n lè lọ wo tẹlifíṣọ̀n?

Bó bá jẹ́ rọ́bà imú ni wọ́n fi ń jẹun, orí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ga tó dígírì 30 sí 45 nígbà tí oúnjẹ ń lọ. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé rọ́bà ṣì wà nínú ikùn kí wọ́n tó da oúnjẹ sí i. Ìdáhùn tó yẹ ni pé àwọn ń fa omi inú rẹ̀ díẹ̀, àwọn ń fi bébà tó ń díwọ̀n bí omi ṣe kan tó (pH) wò ó kó jẹ́ 5.5 tàbí kó rẹlẹ̀ jù ú lọ. "A máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, a ó wá gbọ́ ọ bó ṣe ń dún" kò tó, ó lè dún bẹ́ẹ̀ kó jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló wà.

Oògùn náà. Kí wọ́n má máa lọ gbogbo oògùn pọ̀ mọ́ ògì. Nifedipine retard, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó máa tú díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ á tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Ẹ ní kí dókítà yàn èyí tó ṣeé lọ̀. Ti ínsúlínì, kí oúnjẹ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ilé tó ń gún abẹ́rẹ́ láago méje tí oúnjẹ ń dé láago mẹ́sàn-án yóò já ṣúgà màmá sí abẹ́ 70 lọ́jọ́ kan.

Ọmọ Ìgbógbò:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì. Àbúrò bàbá wa ní ká máà sanwó fún ilé kankan, pé ẹnì kan wà lọ́nà Ìjẹdé tó ń fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ rọpárọsẹ̀. Èkejì: àwọn kan nílé ní a fẹ́ gbé ìyá wa jù nù.

Físíò Sábó:
Ẹ sọ fún àbúrò bàbá yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹsẹ̀ tó kú lè má mọ gbígbóná mọ́. Omi tí ọwọ́ yín gbà lè bó awọ màmá kí wọ́n má sì sọ nǹkan kan. Èyí tó burú jù ni ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ mú tépù aránṣọ, ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì yíká, níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà nísàlẹ̀ egungun tó yọ sábẹ́ orúnkún. Bí ọ̀kan bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 tóbi ju èkejì lọ, tó ń dùn wọ́n tàbí tó gbóná, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ, dókítà ló kàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n bá wọ́ lè ṣí kúrò kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ìyá Ìta-Ẹlẹ́wà:
Ti ẹjọ́ ilé, ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹ sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ pín ẹni tó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láàrin ara yín. Àbẹ̀wò ojoojúmọ́ ń pa ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì ń jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé màmá ní èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú wọn nílé ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: nọ́ọ̀sì méjì tó ń gba ara wọn lọ́sàn-án lóru, ẹlòmíì fún òpin ọ̀sẹ̀, físíò ọjọ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé orí sókè, àti pé ẹ gbọ́dọ̀ kó wọn wá sísàlẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ti fẹ́ dájọ́ yẹn fún yín.

Ẹ jẹ́ n sọ tìlú wa. Ilé tó wà lójú ọ̀nà Ìgbógbò tàbí Ìjẹdé, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo àdúgbò ń dára. Ẹ béèrè ọsibítù tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ bí nǹkan bá yí lóru: ṣé Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ni wọ́n á kọ́kọ́ dé, àbí wọ́n máa ní LASUTH tàbí LUTH tààrà, kí wọ́n wá há sínú gọ-síló Maili 12? Ọkọ̀ ta ni? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lóru? 767 àti 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri.

Orò náà wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé kí obìnrin má jáde, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ṣé àwọn tó wọ ṣíftì kí ìgbélé tó bẹ̀rẹ̀ máa sùn síbẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀dì wà fún wọn, ṣé ọkùnrin wà tó lè jáde ra oògùn? Ilé tó ti ronú sí i á dá yín lóhùn kíá. Èyí tó ń wojú ara wọn, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Akáǹtì Ẹ̀búté:
Ti owó, mi ò ní pẹ́. "Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀" ni gbólóhùn tó ń gbówó lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí iye oṣooṣù náà KÒ kó mọ́ra: físíò, àbẹ̀wò dókítà, oògùn, pámpásì, ìbọ̀wọ́, dísùlù, aṣọ fífọ̀, ìdánwò ẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Àwọn kan ń ka dísùlù fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé jẹ́nẹ̀ mẹ́wàá ló ń ṣiṣẹ́.

Pámpásì: bí wọ́n bá ní márùn-ún lóòjọ́, 150 ló máa lọ lóṣù kan. Ẹ máa rà á fúnra yín, ẹ máa kọ ọjọ́ sára páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kà á. Bó bá tètè tán ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń fi ti màmá yín tọ́jú ẹlòmíì. Bó bá pẹ́ jù, màmá ń sùn nínú èyí tó ti tutù. Oògùn náà, ẹ mú un wá nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ka wóró tó kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín: ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí màmá bá lọ ni wọ́n á dá a padà? Bí wọ́n bá gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ kan láàrin oṣù, ṣé owó ilé ń kà? Bó bá jẹ́ pé aláìsàn kú lọ́jọ́ karùn-ún oṣù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà lórí ìwé. Ẹ san án sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé náà, kì í ṣe ti mátírọ̀nù.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wùtù:
Lórí pámpásì, kì í ṣe gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ló nílò rẹ̀. Ilé tó ń gbé wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní wákàtí méjì méjì ń dá ìtìjú màmá padà fún wọn. Ilé tó ń dè é mọ́ gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó rọrùn fún ilé náà ni. Bákan náà ni rọ́bà ìtọ̀: ẹ béèrè ìdí tó fi wà àti ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́. Àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ilé tó dákẹ́ jù lọ́sàn-án. Níbi tí gbogbo arúgbó ti ń sùn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ wádìí oògùn oorun. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ bóyá àpá okùn wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ìró so àgbàlagbà mọ́ àga. Ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ gbé fọ́tò màmá sórí Facebook. Òfin ààbò dátà orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2023 wà lẹ́yìn yín.

Ọmọ Ìgbógbò:
Sátidé la fẹ́ lọ wo méjì àkọ́kọ́. Kí la ó mú dání?

Ọ̀gá Wáyà Òdógúnyàn:
Tépù. Ẹnu ọ̀nà tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 80 máa yọ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu, pàápàá ti ilé ìwẹ̀. Bí àtẹ̀gùn mẹ́ta bá wà níwájú ilé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀nà ìdagẹ̀rẹ̀ tó yẹ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 5 àti ààbọ̀. Pákó kan tí wọ́n kàn fi lélẹ̀ á dojú kẹ̀kẹ́ dé.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wùtù:
Ìwé tí ọsibítù kọ, orúkọ oògùn gbogbo, àti fọ́tò ibi tí awọ ti fẹ́ bó bó bá wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ jẹ́ kó dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní ẹ fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn, kì í ṣe ti àlejò. Ẹ wò ó bóyá irin ìdìmú wà lára ògiri, kí ẹ fi gbogbo ara fà á.